Ojú ni Alákàn fi ń Ṣọ́rí: Ìtàn Ṣíṣọ́ Awakọ̀ Akẹ́rù Láàrin Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nínú òwe yìí, ẹni tí ó ni orí náà ni ó ni ojú tí ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú bá jẹ́ ti ẹnì kan, tí orí sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ a yí padà. Nígbà náà ni ó tọ́ kí á béèrè pé: kí gan-an ni ojú náà ń ṣọ́, nítorí ta sì ni? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi yẹ ìtàn ṣíṣọ́ awakọ̀ akẹ́rù wò, láti ayé oníbodè títí di ayé ẹ̀rọ tí ń gba ìròyìn láti ojú sánmà.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ayọ̀bọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ayọ̀bọ̀ wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ní ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà ti ń ré kọjá sí Ìtẹ̀lé àti Àìyétòrò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibi tí ilé kíkọ́ kò ti dáwọ́ dúró ni, nítorí náà típà oníyanrìn àti ọkọ̀ onísìmẹ́ǹtì kì í wọ́n níbẹ̀. Ní irú àdúgbò báyìí, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnì kan lè ní ẹyọ kan tàbí méjì, kí ó sì gbé e fún awakọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, irú ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dúró de alẹ́ kí ó tó gbọ́ bí ọjọ́ ti rí. Lóde òní, bí ó bá ti fi tíràkà sí ọkọ̀ náà, yóò kàn ṣí fóònù rẹ̀ ni. Yóò rí ibi tí ọkọ̀ wà, yóò rí bí ó ti ń sáré tó, yóò sì mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi pamọ́ sínú ọkọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà: ó ń ti ara sátẹ́láìtì mọ ibi tí òun wà, ó sì ń fi káàdì síìmù ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín. Àwọn mìíràn tún ń fi ẹ̀rọ tí ń wọn epo dísù sínú táńkì, tàbí kámẹ́rà tí ó kọjú sí awakọ̀ fúnra rẹ̀. Òmíràn wà tí a lè fi pa ẹ́ńjìnnì láti ọ̀nà jíjìn.

Oníbodè àti Mọ́tò-bọ́ì

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀rọ ni ó bẹ̀rẹ̀ ṣíṣọ́ ẹni tí ń gbé ẹrù kò mọ ìtàn wa. Kí mọ́tò tó dé, orí àti ẹ̀yìn ènìyàn ni ẹrù ń gbà rìn, ojú oníbodè ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Ẹnu ibodè ìlú ni ó máa ń jókòó sí. Yóò wo alájàpá, yóò wo ẹrù alárù, yóò sì gba owó ibodè fún ọba àti àwọn ìjòyè. Ọ̀pọ̀ oníbodè le bí ojú ẹja, àwọn mìíràn sì jẹ́ oníwọra. Síbẹ̀, wọ́n ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ àwáwí. Ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà lè ṣàlàyé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bọ́ sódò lè bẹ̀bẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Láàrin ọgbọ̀n ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ akẹ́rù di ohun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ń fi ṣòwò. Sàlámì Àgbájé ti Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbà náà tí òkìkí wọn kàn. Ibẹ̀ ni ìṣòro tuntun ti yọjú. Ọlọ́kọ̀ ìgbà náà kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà. Dírẹ́bà tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́ ti di ọ̀gá lójú ọ̀nà, ó lè gbé èrò àti ẹrù tí kò sí lákọsílẹ̀. Kí ni ọlọ́kọ̀ ṣe? Ó fi ìbátan rẹ̀ sínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ̀ńdọ́ tàbí mọ́tò-bọ́ì. Mọ́tò-bọ́ì yìí ni tíràkà àkọ́kọ́ tí a ní. Ṣùgbọ́n òun náà ń jẹun lójú ọ̀nà pẹ̀lú dírẹ́bà, ó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí agara dá a. Bí ó bá ń rojọ́ rẹ̀ fún ọlọ́kọ̀, ó ní ohun méjì láti rò: owó ọlọ́kọ̀ àti ìyà tí ó ṣojú rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn náà ṣọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n nítorí owó ọkọ̀ ojú irin ni. Owó láísẹ́ǹsì tí wọ́n gbé lé ọkọ̀ ẹrù wà lára ohun tí ó fa ìdásẹ́sílẹ̀ àwọn onímọ́tò ní 1937. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣòwò ọkọ̀, wà lára àwọn tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Láti ìgbà oníbodè títí di ìgbà náà, ẹrù àti owó ni ojú ń ṣọ́. Oorun awakọ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Amí Inú Ọkọ̀

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Yúróòpù gbà dé ibi tí wọ́n dé. Ní 1970, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ṣòwò níbẹ̀ pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní tachograph. Pépà roboto kan ni awakọ̀ máa ń fi sínú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ yóò sì máa fi ìlà sàmì sí i lára: eré tí ó sá, wákàtí tí ó fi wakọ̀, ìgbà tí ó dúró. Àwọn awakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kórìíra rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní amí inú ọkọ̀. Ìjọba wọn pàápàá lọ́ra, títí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù fi dá wọn lẹ́bi ní 1979. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí amí yìí ń ṣọ́. Òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 4 ààbọ̀ lọ láìsinmi fún ìṣẹ́jú 45. Bí ọ̀gá bá ní kí ó máa lọ, pépà náà yóò jẹ́rìí lòdì sí ọ̀gá. Láti 2006 tí ẹ̀rọ ti rọ́pò pépà nínú ọkọ̀ tuntun, káàdì tí orúkọ awakọ̀ wà lára rẹ̀ ni a ń kì bọ̀ ọ́, tí awakọ̀ ń mú rìn láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan, ti ènìyàn ni pẹ̀lú.

Ti Amẹ́ríkà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti ìparí àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ní òfin wákàtí fún awakọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n ìwé ni awakọ̀ ń fọwọ́ kọ, irọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2012 ni ó bí àṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa ṣe àkọsílẹ̀ náà. Àṣẹ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2017. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ àbájáde rẹ̀ wò rí i pé awakọ̀ ń pa òfin wákàtí mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n jàǹbá kò dínkù bí a ti rò. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ńṣe ni ìwàkuwà tún pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Iye máìlì tí ọ̀pọ̀ wọn bá rìn ni wọ́n fi ń san owó fún wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ há wákàtí mọ́ wọn lọ́wọ́, tí owó kò yí padà, eré ni wọ́n fi dí i.

Eré àti Oorun

Nílé wa níbí, eré ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀, tí a mọ̀ sí FRSC, sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ikú ojú ọ̀nà ni wọ́n gbé ogun tì. Ní 2016 àti 2017 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù tí kò ní ẹ̀rọ tí ń dí eré lọ́wọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú ti sùn láti àná.

Òfin ìrìnnà ọkọ̀ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 sọ pé tírélà kò gbọdọ̀ rìn láàrin ìlú láti aago 6 òwúrọ̀ títí di aago 9 alẹ́, àyàfi tánkà epo àti bọ́ọ̀sì èrò. Ìdí rẹ̀ yé wa: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kò kéré. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ fún awakọ̀ ni pé àkókò tí oorun ń pa gbogbo ẹ̀dá ni iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni a sì ń san owó fún ní ìrìn kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kò bá rìn, owó kò wọlé. FRSC ń gba awakọ̀ níyànjú pé kí wọ́n sinmi lẹ́yìn wákàtí 4. Ìmọ̀ràn àtàtà ni, ṣùgbọ́n ebi kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Obì àti paraga ni awakọ̀ ń fi lé oorun, tíràkà inú ọkọ̀ a sì máa sọ fún ọlọ́kọ̀ pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, nítorí ọkọ̀ kò dúró.

Bí ọkọ̀ bá wá dúró ńkọ́? Fóònù ọlọ́kọ̀ yóò dún pé ọkọ̀ ti wà lójú kan fún wákàtí méjì. Ẹ̀rọ kò lè sọ bóyá awakọ̀ ń fa epo tà ni, tàbí ó ń sùn kí ó má baà pa ọmọ ọlọ́mọ. A kò sọ pé àwọn tí ń fa epo tà kò sí. Wọ́n wà, àwọn ni wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ra tíràkà. Ṣùgbọ́n agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Oníbodè ní etí, mọ́tò-bọ́ì ní ẹ̀rí ọkàn. Tíràkà ní ojú nìkan.

Ètò àti Ẹ̀tọ́

Ọ̀rọ̀ Àpápá ni ó fi èyí hàn jù lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà a máa tò sórí afárá àti ojú ọ̀nà fún ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó wọ èbúté. Ní Oṣù Kejì 2021, àjọ tí ń ṣàkóso èbúté gbé ọ̀nà ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí a fi ń pe ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti páàkì. Ètò ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ Yorùbá tí ó rẹwà ni, ó sì bá iṣẹ́ náà mu. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó súnmọ́ ọn létí, tí ó sì jìnnà sí i ní ìtumọ̀: ẹ̀tọ́. Ètò ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò rìn. Ẹ̀tọ́ ni yóò sọ ìgbà tí ènìyàn yóò sinmi.

Yorùbá ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Tíràkà kò rán ara rẹ̀ níṣẹ́. Nítorí náà, a kò ní bá ẹ̀rọ jà. Ẹni tí ó rán an ni a ní ọ̀rọ̀ bá sọ. Ẹ̀rọ tí ó lè ka lítà epo lè ka wákàtí tí ènìyàn ti wà nídìí ìdarí pẹ̀lú. Èyí tí ó ń ròyìn fún ọlọ́kọ̀ lè ròyìn fún awakọ̀, kí ó lè rí ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì wí tẹnu rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan náà sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí ọlọ́kọ̀ tí ó lé awakọ̀ kọjá agbára rẹ̀ má baà rí ibi sá sí nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bí a kò bá ṣe èyí, ojú ti pọ̀ lójú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ń ṣọ́ orí nínú wọn.