Ìbéèrè fún Ẹni Tó Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ní ọdún 1983, Zigmond àti Snaith, dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé ìbéèrè kékeré kan jáde fún àwọn tí àìsàn ara gbé dé ilé ìwòsàn. Ìbéèrè 14 ló wà níbẹ̀: 7 ń wá àìbalẹ̀ ọkàn, 7 ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé wọ́n yọ ara kúrò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò ní í rí oorun sùn, oúnjẹ kò sì ní í wù ú. Ojú ọgbẹ́ lè fa ìyẹn láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ní nǹkan kan ṣe.

Síbẹ̀, ara tún yọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà dárúkọ labalábá inú ikùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Yorùbá, kí ẹ fi bi ìyá àgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún lọ́la, ohun tí yóò gbọ́ ni pé wọ́n ti rí kòkòrò nínú òun. Àyà mi ń já ni Yorùbá ń wí.

Àwọn olùwádìí ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń yẹ irú ìtúmọ̀ yìí wò. Ẹnì kan á tú ìbéèrè sí Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì á tú u pa dà, wọn á wá fi méjèèjì wé ara wọn. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́kàn lé e. Labalábá yóò lọ, yóò bọ̀, yóò ṣì jẹ́ labalábá. Àyà jíjá ni yóò gbé aṣọ mìíràn wọ̀ dé, tí wọn yóò sì fi àmì àṣìṣe sí i. Kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ inú tilẹ̀ le ju ti labalábá lọ. Inú ni ayọ̀ Yorùbá ń gbé, inú náà ló ń bàjẹ́. Ẹ bi ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lánàá pé, “Ṣé inú yín ń dùn?” Ó lè rò pé ojú abẹ lẹ ń béèrè, kó ní, “Ó ń dùn mí gan-an o, dókítà.” Nọ́ọ̀sì tí kò fara balẹ̀ á kọ máàkì ayọ̀ fún un. Ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, ẹ fi inú sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń rí ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín.

Ní ti orúkọ àìsàn, a kò tòṣì. Nínú ìwé tí àwọn olùwádìí Leighton, Lambo àti ẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1963 lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn mọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò kàn kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ àìsàn kan. Ìsoríkọ́ tí à ń gbọ́ lónìí ń gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn. Ṣùgbọ́n abísínwín ti wà tipẹ́ fún ìyá ọlọ́mọ tuntun tí orí rẹ̀ dàrú, ìrànrán sì wà.

Nínú ìrànrán ni iṣẹ́ abẹ àti àìsàn ọpọlọ ti pàdé. Bàbá tí orí rẹ̀ pé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ; ní ọjọ́ kejì ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, ó ń fa okùn omi tu lápá. Àwọn ọmọ á ní wèrè ti dé, wọn á máa wá ẹni tó ṣe é. Ọ̀nà tí Sharon Inouye àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1990 láti fi dá ìrànrán mọ̀ ń wá àmì mẹ́rin. Ó dé lójijì, ó sì ń lọ ó ń bọ̀; ọkàn kò dúró lójú kan. Méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ wà, kí ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí tàbí ìyípadà nínú bí ojú rẹ̀ ṣe là sí tún bá wọn rìn. Àléébù orúkọ náà, ìrànrán, kò ju pé ẹnu ló ń tọ́ka sí. Àwọn kan máa ń dákẹ́ lọ gbári ni, àwọn yẹn sì ni dókítà máa ń fò dá. Bí àwọn àgbà ṣe ní wèrè aláṣọ fún èyí tí kò hàn síta, mo dábàá ìrànrán abẹ́nú.

Ọ̀rọ̀ ìlànà ìwádìí ló kù. Pípín aláìsàn láìṣe ojúsàájú kò le sọ: ẹ ní a ó ṣẹ́ gègé. Orúkọ náà, “oògùn tí kò ní nǹkan nínú”, fún oògùn tí wọ́n fi ń wé ti gidi ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí yóò dún bí ayédèrú oògùn tí àjọ NAFDAC ń lé kiri. Àfijọ oògùn ni mo fara mọ́, ó sì bá iṣẹ́ abẹ mu pẹ̀lú: nínú ìwádìí tí Moseley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí iṣẹ́ abẹ orúnkún, tó jáde ní 2002 pẹ̀lú aláìsàn 180, àwọn kan gba ojú abẹ lásán, ara wọn sì yá tó ti àwọn tí wọ́n tọ́jú ní tòótọ́. Ti ìfọ́jú tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí ńkọ́, ìyẹn pé kí aláìsàn àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má mọ ìtọ́jú tó gbà? Ẹ má dán an wò níwájú ẹni tí dókítà fẹ́ mú abẹ lọ bá. Ẹ ní ìfipamọ́ ìpín, kí ìwé ìyọ̀ǹda sì kà báyìí: “A ó ṣẹ́ gègé. Ìtọ́jú gidi lè bọ́ sí yín lọ́wọ́, àfijọ rẹ̀ sì lè bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ẹ kò ní í mọ èyí tó jẹ́, ẹni tó ń yẹ̀ yín wò náà kò ní í mọ̀.” Kí aláìsàn tún un sọ kó tó tẹ̀ka.