Ilé Ìtàwé àti Ààlà ní Ifọ̀nyìn

Ìjọ C.M.S. dá ilé ìtàwé sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1869. Láti ibẹ̀ ni Bíbélì àti ìwé orin Yorùbá ti ń tàn dé ìlú kéékèèké. Ẹnì kan a rà á, ẹni púpọ̀ a gbọ́ ọ. Ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní 1938 pàápàá, kíkà sókè ni ó yẹ ẹ́.

Ní Ifọ̀nyìn, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni, ọ̀ràn yàtọ̀. Àdéhùn ọdún 1889 ti fi ààlà sí àárín ará ilé kan náà. Ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ń kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé. Ní ìhà Dàhòmì, òfin 1924 kọ̀ fún olùkọ́ láti fi èdè abínibí kọ́ni. Ọmọ ìyá méjì lè mọ̀wé kà, kí wọ́n má sì lè ka ìwé kan náà. Ta ni yóò ra ìwé Èkó níbẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́?

Ní 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ fi àwọn lẹ́tà ɛ, ɔ, kp àti sh rọ́pò ẹ, ọ, p àti ṣ. Ó bá èdè yòókù nílẹ̀ náà mu. Kò rọ òǹtàwé lọ́rùn. Nàìjíríà sì ti ààlà náà pa láti 1984 dé 1986, àti láti 2019 dé 2020. Ẹrù sì ni ìwé. Ẹni tí yóò tàwé ní Ifọ̀nyìn yóò to oríṣi méjèèjì sórí àtẹ kan, yóò sì wá àga fún ẹni tí yóò máa kà á sókè.