Ojú Tó Kọ́kọ́ Rí I

Bébà àpò símẹ́ńtì ni a fi ń ṣe ojú Kàlẹ́tà, eré eégún àwa ọmọdé, nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkpinlẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Onígbólò kò jìnnà sí wa, àpò rẹ̀ sì kún ibi gbogbo tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. A ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó wá fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ léra ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ìdí ìkòkò tí a ti fi eérú pa. Tó bá gbẹ, a ó ṣí i kúrò lórí ìkòkò, a ó dá ojú àti ẹnu lu. Èédú ni dúdú wa, ẹfun ni funfun, osùn ìyá àgbà ni pupa. Bí Kérésìmesì bá kù díẹ̀, a ó gbé agolo mílíìkì tí a fi ṣe ìlù, a ó máa ti ojúlé dé ojúlé.

Èmi kò mọ ijó jó. Kíkun ojú ni wọ́n fi fún mi. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kun ún, ọ̀rẹ́ mi kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn ọjà gbé e sókè síwájú oòrùn, ó wò ó títí, ó ní: “Ojú òsì yìí ń wò mí. Tọ̀tún kò wò mí.” Kò bú mi, kò sì yìn mí. Mo gbé e padà lọ sílé, iná fìtílà ni mo fi tún ojú ọ̀tún yẹn ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó rí i lọ́jọ́ kejì, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó sì fi orí bọ̀ ọ́.

Pátákó àwọn aránṣọ àti onígbàjámọ̀ ni mo ń kọ jẹun lónìí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ tọ́jú mi dáadáa, n kò sì lè san oore rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró níwájú pátákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tán, ohùn ọ̀rẹ́ mi ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ni mo ń gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn láti máa wádìí bí àwọn tó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ojú ta ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ wọn.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n mú Kàlẹ́tà wọ etíkun wa. Ó gba Wídà àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa ará òkè. Kò sí awo nínú rẹ̀, kò sí ètùtù, àwọn ọmọdé ló ni ín. Nítorí náà kò sí ẹni tó ń bi ọmọ bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe kó tó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ṣe Kàlẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ ní 1962, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Nígbà tó dàgbà, kò fi ojú tí a ń dé sílẹ̀. Ó mú bídọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń gbé epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà, irú èyí tí a ń rí lẹ́yìn ọ̀kadà lójú títì wa lójoojúmọ́. Ó rí i pé ẹnu bídọ́ọ̀nù jọ ẹnu ènìyàn, ibi tí a fi ń gbé e sì jọ imú. Ní 2007, British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù gbé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ La Bouche du Roi síta: bídọ́ọ̀nù 304 tí ó tò bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó wá sí ìsọ̀ mi pé ibi eré ọmọdé ni ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ gbà mí gbọ́.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yàtọ̀, torí awo wà níbẹ̀, àgbà sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Kétu, Pobẹ̀, Ṣákẹ́tẹ́ àti ìgbèríko Adja-Ouèrè, ọmọ tó bá fẹ́ gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbọ́dọ̀ lọ jókòó lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Fadá Kevin Carroll, tó pẹ́ láàrin àwọn agbẹ́gilére Èkìtì, ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gi fi ń pín iṣẹ́ wọn: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ọnà lílé ni àáké àkọ́kọ́ tó ń sọ ibi tí orí máa wà àti ibi tí àgbọ̀n máa parí sí. Tí ìyẹn bá wọ́, kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe. Torí náà ọ̀gá ló ń mú ọnà lílé, ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi dídán àti fínfín.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n inú ètò yìí. Ọmọ tí kò tí ì mọ nǹkan kan ni wọ́n fún ní ibi tí ojú gbogbo ènìyàn máa bà lé: ilà ojú, ọ̀já gèlè, ìpẹ́ ejò tó wà lórí igi. Àṣìṣe rẹ̀ kò lè ba ère jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe é dáadáa, gbogbo ìlú ló máa rí i. Ère tó bá ti pẹ́ pàápàá, wọ́n máa ń tún un kùn kí ọdún tó dé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá wá jáde, láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, orin Ẹ̀fẹ̀ lóru, ijó ní ìrọ̀lẹ́, gbàgede ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn ìyá wa, tí a torí wọn ṣe é, ló kọ́kọ́ ń wò ó. Bí ejò orí igi kò bá jọ ejò, ìyá oníyẹ̀fun á sọ ọ́ láìfi bò. Bó bá jọ ọ́, wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á béèrè ọmọ ta ló fín in. Èmi kò mọ ilé ẹ̀kọ́ tó tún yára bẹ́ẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà gbogbo ayé ní 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín. Inú mi dùn sí i. Ìyá oníyẹ̀fun yẹn ni mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Fadá Carroll tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láàrin 1947 sí 1954. Bándélé ọmọ Arẹ́ògún ará Òsì-Ìlọrin ló ń gbẹ́gi níbẹ̀. Òun ni Làmídì Fákẹ́yẹ ṣe ọmọ iṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti gbẹ́gi ṣì lọ wá ojú mìíràn tó máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òṣogbo ni mo fẹ́ kí á dúró sí jù. Ní 1961, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀, ọ̀gá ẹgbẹ́ eré ìtàgé, fẹ́ irú rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ọjà gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: “Mbárí Mbáyọ̀”, pé bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ọ̀mọ̀wé kan kọ́ ló fún un ní ìtumọ̀ yẹn. Ẹni tó ń kọjá lọ ra ata ló sọ pé rírí àti yíyọ̀ ni iṣẹ́ ilé yìí.

Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jọ níbẹ̀ láti ya àwòrán. Ní 1964, ó kan Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń tọ́jú iná mànàmáná fún wọn lórí ìtàgé. Òun ló wá di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Múráínà Oyèlámì ará Ìrágbìjí wà níbẹ̀, Adébísí Fábùnmi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn oníṣègùn kan tó ń polówó oògùn kiri ni Twins Seven-Seven ti ń jó wọ ìlú. Ó jó wọ Mbárí Mbáyọ̀ kò sì bá oníṣègùn náà lọ mọ́. Ní 2005 UNESCO sọ ọ́ di Ayàwòrán fún Àlàáfíà.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́. N kò gbà. Ohun tí Georgina ṣe ni pé kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán fún wọn wò. Ó ń dúró, ó ń wò, tó bá rí ibi tí ọwọ́ ẹnì kan ti sọ ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè sọ, ó ń tọ́ka sí i, ó ń ní kó máa bá ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àwọn ìyá ọjà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń ṣe. Ẹ sì wo bí ó ṣe ràn: Nikẹ Okundaye, tó jẹ́ ìyàwó Twins Seven-Seven nígbà kan, dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983 tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo rí ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ: olùkọ́ kan rí àwòrán mọ́tò tí mo yà sẹ́yìn ìwé ìṣirò, ó fa ojú ìwé náà ya níwájú gbogbo kíláàsì. Ó dùn mí fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe nítorí bébà náà, bí kò ṣe nítorí pé kò wò ó kó tó fà á ya.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi. Ọmọ tó bá ya nǹkan á fi í kọ́ síbẹ̀, ó burú tàbí ó dára, títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kékeré kan gbé bébà wá. Ìsọ̀ gàrí ìyá rẹ̀ ló yà, ó ya igbá, ó ya òṣùwọ̀n, ó ya àwọn oníbàárà mẹ́rin tó dúró yí i ká. Kò sí ẹni tó ní ọwọ́ nínú gbogbo wọn. Àwọn ọmọkùnrin ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé: “Ta ló ń wọn gàrí níbí?”

Ó wo bébà náà, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà létí mi, ó jókòó sórí garawa pẹ́ńtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọwọ́ ìyá rẹ̀.