Ààrẹ Tí Ilé Gbàgbé: Rutherford Hayes àti Bí Ìtàn Ṣe Ń Rántí Àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà

Bí a bá bi ènìyàn léèrè àwọn Ààrẹ Amẹ́ríkà tó mọ̀, orúkọ Washington àti Lincoln kì í pẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Kennedy a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó di Clinton, Obama, Trump. Àárín àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dákẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù wá lọ níbẹ̀. Ní ọdún 2014, Henry Roediger àti Andrew DeSoto, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo Ààrẹ tí wọ́n bá lè rántí, àwọn kan ní 1974, àwọn kan ní 1991, àwọn mìíràn ní 2009. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí: wọ́n rántí àwọn tó kọ́kọ́ jẹ, wọ́n rántí Lincoln àti àwọn tó sún mọ́ ayé tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù sì wọmi.

A kò sọ èyí láti ní kí ẹnikẹ́ni máa há orúkọ Ààrẹ sórí. Ohun tó kàn wá ni pé ìgbàgbé kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹnì kan lè di ẹni ìgbàgbé nílé, kí ó sì di ẹni àpọ́nlé lẹ́yìn odi. Rutherford B. Hayes, Ààrẹ kọkàndínlógún, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lójú wa.

Ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti bí Hayes ní ọdún 1822. Ó bá ìhà Àríwá jagun abẹ́lé, ọta bà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ti ṣe gómìnà kí ó tó du ipò Ààrẹ ní 1876. Samuel Tilden tó bá a du ipò náà ni ọ̀pọ̀ ará ìlú dìbò fún. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ìbò àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá yàn ló ń gbé ènìyàn dé ilé Ààrẹ. Ìbò aṣojú 185 ni ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ní. Tilden ti ní 184. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí 20 mìíràn: ti Florida, Louisiana àti South Carolina, àti ẹyọ kan láti Oregon. Ilé aṣòfin gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15. Àwọn 8 gbè sẹ́yìn Hayes, àwọn 7 sẹ́yìn Tilden, gbogbo 20 ìbò náà sì bọ́ sọ́wọ́ Hayes. Ó wọlé pẹ̀lú 185 sí 184. Àwọn alátakò rẹ̀ kò yéé pè é ní Ààrẹ onímàgòmágó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1877, ó pàṣẹ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò lẹ́yìn ilé ìjọba South Carolina àti Louisiana. Àwọn ọmọ ogun yìí ló kù tó ń ti ìjọba tí àwọn ènìyàn dúdú dìbò yàn lẹ́yìn níbẹ̀. Hayes gba ìlérí àwọn aṣáájú aláwọ̀ funfun gbọ́ pé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni kò ní dí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlérí náà kò dúró. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n ti ń dìbò, tí àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń jókòó nílé aṣòfin, ni wọ́n fi ìhàlẹ̀, ìpànìyàn àti òfin lé kúrò nídìí àpótí ìbò. Èrò tiwa ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Hayes nìkan, nítorí ó ti rẹ àwọn ará Àríwá, ilé aṣòfin kò sì fẹ́ náwó mọ́. Síbẹ̀ òun ló pa àṣẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gba ìhà gúúsù lọ, sí Paraguay. Láàárín 1864 sí 1870, orílẹ̀-èdè kékeré yìí bá Brazil, Argentina àti Uruguay jagun lẹ́ẹ̀kan náà, ogun ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run ún tán. Ọkùnrin tó bá a lọ kò ní òǹkà. Lẹ́yìn ogun, Argentina ní òun ló ni ilẹ̀ Chaco tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Paraguay. Nínú àdéhùn 1876, àwọn méjèèjì gbà pé kí Ààrẹ Amẹ́ríkà bá wọn dá ẹjọ́ apá tó wà láàárín odò Verde àti odò Pilcomayo. Hayes ló wà lórí àlééfà nígbà tí ìwé ẹjọ́ dé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1878, ó dá Paraguay láre. Ìwé ìdájọ́ náà kúrú gan-an.

Ìlú tí wọ́n ń pè ní Villa Occidental lórí ilẹ̀ náà di Villa Hayes ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹkùn ọ̀hún ń jẹ́ Presidente Hayes títí di òní, wọ́n sì ń fi ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ṣe ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Asunción, olú-ìlú wọn, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kì í tilẹ̀ pe lẹ́tà H tó ṣíwájú orúkọ náà, nítorí èdè Sípéènì kì í pè é. Orúkọ ọmọ Ohio ti di orúkọ ilé wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù níbẹ̀ o. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí wọ́n ti ń gbé inú Chaco kí Paraguay àti Argentina tó máa jà lé e lórí, kò sí ẹni tó fi ẹjọ́ náà lọ̀ wọ́n.

Apá kan ìtàn Hayes kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn tó kúrò ní ilé Ààrẹ, ó di alága ìgbìmọ̀ owó Slater, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù. Ní 1890, ó sọ ní gbangba pé ìgbìmọ̀ náà ṣe tán láti rán ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú lọ kàwé ní Yúróòpù bí wọ́n bá rí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Harvard, W. E. B. Du Bois, kọ̀wé sí i pé òun rèé. Wọ́n ní ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Du Bois tún kọ òmíràn, ó sì le koko. Ní 1892 wọ́n fún un ní dọ́là 750, ìdajì ẹ̀bùn, ìdajì ẹ̀yáwó, ó sì lọ sí Berlin ní Jámánì. Hayes kú ní oṣù kìíní ọdún 1893. Du Bois wà láyé di 1963, ó kú sí Accra ní Gánà. Ọwọ́ kan náà tó pàṣẹ ọdún 1877 ló wà lára ọwọ́ tó ran ẹni tó máa kọ ìtàn ìpadàsẹ́yìn náà lọ́wọ́.

Bí a ṣe mọ Hayes tó báyìí kò ṣẹ̀yìn ìwé. Láti ìgbà èwe ló ti ń kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ibi ìkówèésí rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní Fremont ní 1916 sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹ fi wé Chester Arthur. Ní 1878, Hayes yọ ọ́ nípò ọ̀gá aṣọ́bodè New York nítorí pé ibẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Arthur yìí kan náà ni igbákejì nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Garfield ní 1881, ó sì bọ́ sípò. Ní 1883, ó fọwọ́ sí òfin tó ní kí àwọn iṣẹ́ ìjọba kan máa jẹ́ ti ẹni tó bá yege ìdánwò. Kí ni ó yí i lọ́kàn padà? Kí ó tó kú ní 1886, ó ní kí wọ́n dáná sun àwọn ìwé rẹ̀.

Ti Millard Fillmore tún yàtọ̀. Ní 1917, akọ̀ròyìn H. L. Mencken fi ẹ̀fẹ̀ kọ ọ́ pé òun ló gbé ọpọ́n ìwẹ̀ àkọ́kọ́ wọ ilé Ààrẹ. Irọ́ ni, Mencken sì jẹ́wọ́ ní 1926, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò yéé tún un sọ. Òfin 1850 tó ní kí wọ́n máa dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀, èyí tí Fillmore fọwọ́ sí ní tòótọ́, kì í yára wá sẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Fún kíláàsì àwọn olùkọ́ ọ̀la, a dábàá iṣẹ́ kan. Kí olùkọ́ pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí méjì. Kí apá kìíní kọ ìtàn Hayes bí ọmọ ẹni tó pàdánù ìbò rẹ̀ ní Louisiana, kí apá kejì kọ ọ́ bí ọmọ Villa Hayes, kí wọ́n wá pààrọ̀ ìwé kí wọ́n sì máàkì ara wọn.