OYÚN ÌBEJÌ TÍ Ó LÉWU

Oyún Ẹ̀jìrẹ́ tí ewu rọ̀ mọ́ ni èyí. Ọ̀ràn náà kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ìwádìí oníṣègùn Nylander ní ẹkùn Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún 1960 fi hàn pé ìbejì tó bí 45 nínú 1,000 ìbímọ, iye tí ó ga jù lọ láyé nígbà náà.

Ewu tí ó wọ́pọ̀ ni ìrọbí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37, àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tí í fa gìrì aboyún, ọmọ tí kò dorí kodò, àti ẹ̀jẹ̀ yàà lẹ́yìn ìbí, nítorí ilé-ọmọ tí ó ti fẹ̀ jù kì í tètè sunkì. Bí Táyélolú àti Ọmọ́kẹ́hìndé bá ń pín ibi ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè máa ṣàn sí èkejì, nítorí náà a sábà máa ń bí irú wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36.

Òkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun: kí aboyún Ọ̀jọ́ Cantonment, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Badagry kì í ṣàjèjì sí, tètè fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tí ìjọba ní ní Ìgandò, kí ó sì pèsè ọkọ̀, owó àti ẹni tí yóò fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú ń ṣú, tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń dà, tàbí tí ọmọ kò mira mọ́, kí ó má ṣe dúró dọ̀la.