Láyípo: Ibi Gíga Tí A Ti Ń Wo Ìbàdàn

Èèyàn lè gbé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rin kó má rí Ìbàdàn rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ bá wọ mọ́tò láti Ìwó Róòdù dé Bẹẹrẹ, ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú lẹ máa rí, ẹ máa rí pátákó àwọn oníṣòwò, ẹ máa rí orí èrò. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó tóbi ju ojú ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń bi ara wa, pàápàá tí ìdánwò àṣekágbá bá ti kù dẹ̀dẹ̀: "Níbo la lè lọ tí gbogbo Ìbàdàn á fi wọnú fọ́tò kan?"

Ìdáhùn rẹ̀ ò le: ẹ gun òkè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn ibi tó dáa jù láti dúró ya fọ́tò lónìí, ẹnìkan ti dúró síbẹ̀ rí láti sá fún ọ̀tá, tàbí láti ṣọ́ ẹlòmíràn. Tí a ò bá mọ ẹni náà, a kàn ń rẹ́rìn-ín lórí ìtàn tí a ò kà ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ìbàdàn àkọ́kọ́ tí Lágelú tẹ̀ dó tú, orí òkè ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín sì ni wọ́n fi ṣe àwo. Títí dòní ni wọ́n ń bọ Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún, oríkì ìlú náà ò sì gbàgbé òro àti ìgbín. Ṣẹ́ ẹ rí i? Òkè ti jẹ́ ibi ìsápamọ́ kó tó di ibi ìran. Nígbà tó di 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sọ ibẹ̀ di ibùdó wọn, èyí ló sì dàgbà di Ìbàdàn tí a mọ̀. Lójú jagunjagun, ẹni tó bá wà lókè ló máa kọ́kọ́ rí eruku ẹsẹ̀ ọ̀tá. Ta ló ń ronú pé ibẹ̀ rẹwà nígbà yẹn?

Wàyí o, Mápó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ò ṣòro dé. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú gbọ̀ngàn náà, lẹ́bàá àwọn òpó ńláńlá yẹn, tẹ́ ẹ kọjú síta, òrùlé páànù lẹ máa rí, òrùlé lórí òrùlé, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀. Fọ́tò tí gbogbo ayé fi mọ Ìbàdàn nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ìdọ̀tí ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí o! Irin ni páànù, síǹkì ni wọ́n fi bò ó lára. Tí òjò bá pa á tí oòrùn sì pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún, síǹkì yẹn á jẹ tán, irin á wá dógùn-ún. Nítorí náà, àwọ̀ òrùlé ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. Èyí tó ń dán, àná ni wọ́n kàn án. Èyí tó pọ́n ti rí òjò.

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó. Ẹnjiníà òyìnbó kan, Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy, ló bójú tó iṣẹ́ ibẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e sórí òkè, láàárín àwọn agbo ilé àtijọ́, níbi tí ò jìnnà sí Ọjà'ba, ọjà Ìba Olúyọ̀lé? Lójú tèmi, kí gbogbo ará ìlú lè máa gbójú sókè wò ó ni. Ilé ìjọba tó bá wà lókè ò nílò kó pariwo.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbójú sókè náà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ní 1968, nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, tí owó kòkó ò sì tó gbé e, wọ́n gbéra láti abà, wọ́n kọjú sí Mápó. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san, àwọn ò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Àwọn la wá mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Táfà Adéoyè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn. Mápó yẹn náà ni àwa ń to ara wa sí níwájú báyìí, tí a ń ní kí ẹni tó ga bọ́ sẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Mápó, ẹ kọjá sí Òkè Àrẹ̀mọ. Ilé gọgọrọ kan wà níbẹ̀ tí ìwé ìjọba ń pè ní Bower's Tower. Wọ́n kọ́ ọ ní 1936, Taffy Jones kan náà ló ya àwòrán rẹ̀. Gíga rẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn 47 ló wà nínú rẹ̀, ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ó sì há débi pé tí ẹnìkan bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ̀yin ń gòkè, ẹ máa fara mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọrí sókè! Ìbàdàn á tẹ́ rẹrẹ níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Kò sí ibi tẹ́ ẹ kọ kámẹ́rà sí tí kò ní mú nǹkan.

Ta ni Bower? Kápútẹ́ẹ̀nì R. L. Bower ni. Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, òun sì ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀, títí di 1897. Ní 1895, nígbà tí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní wà lórí oyè, Bower yìí kó ọmọ ogun lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì rọ̀jò ìbọn lé ìlú náà lórí. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó kọ́ ilé ìrántí yìí fún un, ní Ìbàdàn tó jẹ́ pé ọmọ Ọ̀yọ́ pọ̀ lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Ibẹ̀ làwa wá ń gùn, tí a ń ṣe "ṣíìsì".

Láti òkè yìí, ẹ wo ọ̀nà Dùgbẹ̀. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni òwò ńlá ń lọ. Ilé àwòṣífìlà tó yọrí níbẹ̀ ni Cocoa House, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Èyí kì í ṣe ti òyìnbó, owó kòkó ilẹ̀ wa ni. Àmọ́ ẹ dúró ná. Iye tí àjọ tó ń ta kòkó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, èrè rẹ̀ sì ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan tí a fi ń yangàn. Láti 1965 sí 1968, ọdún mẹ́ta péré ni. Àgbẹ̀ ló ni òógùn tó kọ́ ilé gíga ní Dùgbẹ̀, àgbẹ̀ náà ló wá bínú dé Mápó. Nínú fọ́tò kan ṣoṣo láti Òkè Àrẹ̀mọ, ẹ lè rí ibi méjèèjì.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má lọ nígbà ọyẹ́, torí kùrukùru á bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òjò ló dáa jù, nígbà tí ojú ọ̀run bá ti mọ́, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rẹlẹ̀, tí páànù ń tàn bí epo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè. Tẹ́ ẹ bá sì ń fa kámẹ́rà sún mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ rántí pé àgbàlá onílé lẹ̀ ń wò, ìyàwó ilé ń fọ aṣọ níbẹ̀, bàbá àgbà ń gba atẹ́gùn. Ajẹ́lẹ̀ ló ń wo èèyàn látòkè láìkí wọn. Ẹ̀yin, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ kí wọn.

Àwọn kan ní kí wọ́n wó ilé gọgọrọ yẹn. Mi ò sí níbẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ti rí ọgbọ́n dá sí i tipẹ́tipẹ́. Wọn ò kọ̀wé sí ìjọba, wọn ò ṣèpàdé, wọ́n kàn gùn ún, wọ́n rí i pé àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yíni po, wọ́n bá sọ ọ́ ní Láyípo. Ẹ bi ọlọ́kadà pé ilé Kápútẹ́ẹ̀nì Bower dà, á máa wò yín. Ẹ ní Láyípo, á ní kẹ́ ẹ gun ẹ̀yìn.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò yín tán, tẹ́ ẹ fẹ́ kọ orúkọ ibẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn ọmọ yín lè mọ̀ ọ́n lọ́la, ẹ kọ èyí táwọn onílùú sọ ọ́.