Ta Ló Ń Mọ̀ Pé Ààrò Ti Gbó?

Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, ìléru kan máa ń wà nínú ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mú yàrá móoru lọ. Àwọn tó ń tà á a máa sọ fún oníbàárà pé bó bá ti lo bí ọdún 15 sí 20, kó ti máa wá owó òmíràn. Ní Diabo, ìlú àwọn Baule tó wà lábẹ́ Botro, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Bouaké ní Côte d'Ivoire, kò sẹ́ni tó nílò irú ìléru bẹ́ẹ̀. Iná oúnjẹ ni iná inú ilé níbẹ̀: iná iṣu, iná ọbẹ̀, iná omi ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́. Síbẹ̀ ìbéèrè kan náà ni, ó tilẹ̀ le jù níhìn-ín: nígbà wo ló yẹ kí ilé kan fi iná tó ti ń lò sílẹ̀, kó gbé òmíràn ró? Mo fẹ́ fi ìtàn ìdáná agbègbè yìí, àti ti àwọn tó ń yọ́ irin ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láyé àtijọ́, fi hàn pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń mú kí a pa ààrò tì. Ohun tí ààrò ń jẹ la fi ń mọ̀ bóyá ó ti gbó, ìyẹn igi àti èédú. Ẹni tó ń sanwó ohun tó ń jẹ ló sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, nítorí pé ẹni tó ń sanwó kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń fa èéfín símú.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ààrò olókùúta mẹ́ta bẹ̀rẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí ó ti rí lọ́dọ̀ wa ló rí lọ́dọ̀ àwọn Baule. Òkúta mẹ́ta, tàbí ògúlùtu amọ̀ mẹ́ta, ìkòkò lókè, igi nísàlẹ̀: kò sí ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ tí a kò ní lè tún ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí amọ̀ rẹ̀ bá lanu, obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ yóò po ẹrẹ̀, yóò fi rẹ́ ẹ. Agbègbè Bouaké kì í ṣe àjèjì sí amọ̀ rárá. Tanou-Sakassou tó wà nítòsí ìlú náà, abúlé àwọn amọ̀kòkò ni. Bí a bá sì gba ọ̀nà àríwá lọ sí Katiola, a ó bá àwọn obìnrin Mangoro tí òkìkí ìkòkò wọn ti kàn kọjá ààlà orílẹ̀-èdè náà. Ọwọ́ obìnrin ni ìmọ̀ amọ̀ wà, ọwọ́ obìnrin ni ìdáná wà, nítorí náà àtúnṣe ààrò kì í ṣe ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ orí. Ẹ̀gbẹ́ kan di tuntun lónìí, ẹ̀gbẹ́ kejì di tuntun lẹ́yìn òjò, ìdí rẹ̀ sì lè ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìyá àgbà. Bí a bá bi onílé pé ọdún mélòó ni ààrò yìí ti lò, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ṣùgbọ́n ààrò yìí ń jẹun. Nínú ooru tó wà nínú igi tí a kó sábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 ló ń dénú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ìyókù. Níbi tí igi bá wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó máa pe èyí ní àdánù. Diabo kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní igbó lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Côte d'Ivoire a máa rò pé igbó kìjikìji ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ inú ọ̀dàn ni Diabo wà, nínú ahọ́n ọ̀dàn ńlá tó ti àríwá wọnú igbó, tí wọ́n ń pè ní V Baoulé nítorí pé ó rí bíi lẹ́tà V. Igi ibẹ̀ jìnnà síra wọn, iná ọ̀dàn sì ń jó o lọ́dọọdún. Ìhà gúúsù tí igbó wà náà kò dúró bó ṣe wà. Ìṣirò tí ìjọba ibẹ̀ ń lò sọ pé igbó tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 16 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ti dín sí ohun tí kò tó mílíọ̀nù 3 ní 2021. Oko kòkó àti kọfí ló jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn agégẹdú. Ìwà ìrẹ́jẹ ni yóò jẹ́ láti di ẹ̀bi náà ru ìkòkò ọbẹ̀. Ní 1982 ìjọba fòfin de gígé gẹdú lókè ìlà kẹjọ àríwá lórí máàpù. Bouaké àti Diabo wà nísàlẹ̀ ìlà náà díẹ̀, débi pé ọ̀dàn tí òfin ń gbìyànjú láti dáàbò bò kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹni tó ń ṣẹ́gi níbẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ka bí ọ̀nà igi ṣe ń gùn sí i.

Kí a tó dé orí ohun tó rọ́pò ààrò, ó yẹ ká wo ìléru tó jẹ́ ìléru lóòótọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀rí ti hàn jù. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anango, Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Lábẹ́ Èjìgbò yìí kan náà ni Ìsùndùnrìn wà, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn baba wa ti ń yọ́ irin láti inú òkúta, tí àwọn onímọ̀ sì ti lọ ṣèwádìí nípa rẹ̀. Lẹ́bàá Ọ̀yọ́ náà iṣẹ́ yìí ń lọ ní pẹrẹu. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa abúlé ayọ́rin kan níbẹ̀, ó sì ṣàpèjúwe ìléru rẹ̀ bí ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, irin ilẹ̀ Yúróòpù sì ń gba orí rẹ̀ wọlé. Ògiri ìléru ibẹ̀ kò tíì wó, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì tíì gbàgbé iṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó yá, ìdàrọ́ tó kóra jọ lẹ́bàá rẹ̀ di ohun tí àwọn awalẹ̀ ń wá wò. Ìléru tó kú, tí ara rẹ̀ le.

Kí ló pa á? Ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé irin òyìnbó pọ̀, ó sì dínwó. Àmọ́ ní 1981, òpìtàn kan, Candice Goucher, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bí iṣẹ́ yíyọ́ irin ṣe rọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì fi hàn pé èédú wà nínú ẹjọ́ náà. Igi líle tó dára fún èédú ìléru ń jìnnà sí abúlé àwọn ayọ́rin, owó rẹ̀ sì ń ga. Ní ilẹ̀ Bassar ní Togo, ìléru gíga ni wọ́n ń lò, tí kò nílò ẹwìrì: ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé fúnra rẹ̀. Irú ìléru bẹ́ẹ̀ ń dín òṣìṣẹ́ kù, nítorí kò sẹ́ni tí yóò jókòó máa fẹ́ ẹwìrì tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n èédú tó ń jẹ pọ̀ ju ti ẹlẹ́wìrì lọ. Àpẹẹrẹ ohun tí mò ń sọ nìyí. Níbi tí ọwọ́ ti ṣọ̀wọ́n tí igi sì pọ̀, ìléru tó ń jẹ igi láti dá ọwọ́ sí ni ó bọ́gbọ́n mu. Bí igi bá di ọ̀wọ́n, ìléru kan náà, láìfi ẹyọ ẹrẹ̀ kan bàjẹ́, ti gbó.

Àtakò kan wà sí ọ̀rọ̀ yìí tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Philip de Barros, tó walẹ̀ púpọ̀ ní Bassar, fi hàn pé iṣẹ́ náà gbilẹ̀ gidi ní àwọn ọ̀rúndún tó ṣáájú ìjọba àwọn òyìnbó, àwọn ayọ́rin Banjeli, ní ilẹ̀ Bassar kan náà, sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà ìjọba àwọn Jámánì, débi pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hans Schomburgk fi ẹ̀rọ ya fíìmù wọn ní nǹkan bí 1913 sí 1914. Bí àìsí igi ló pa iṣẹ́ náà, báwo ló ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé irin òyìnbó àti ọ̀wọ́n èédú kì í ṣe ọ̀ràn méjì. Òṣùwọ̀n kan ni, apá méjì ló ní. Ayọ́rin kò béèrè pé igi ha ṣì wà. Ó béèrè bóyá irin tó jáde yóò san owó èédú tó wọlé àti òógùn tó bá a lọ. Banjeli pẹ́ nítorí pé apá kan òṣùwọ̀n náà pẹ́ kí ó tó rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó rọ̀, kò sí ìléru kankan tí wọ́n pa tì nítorí pé ó ti lo ogún ọdún.

Ọgbọ́n òṣùwọ̀n yìí wọ ìlú. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Abidjan bẹ̀rẹ̀ dé Bouaké ní 1912, oníléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Gonfreville dá iṣẹ́ òwú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1921, Bouaké sì di ìlú àwọn tó ń ra ohun tí wọn kò gbìn. Igi ìdáná wúwo, ó ń gba àyè. Èédú fúyẹ́, ó ṣeé kó sínú àpò, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Àdògán onírin wá gba ipò ààrò ní ilé ìlú. Fourneau ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà tí Faransé ń lò fún ìléru, mo sì rò pé orúkọ náà bá a mu ju bí a ti rò lọ. Páànù àti irin àlòkù ni wọ́n fi ń ṣe é, iná sì ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí tí irin tó gbé èédú dúró yóò fi já. Ọjọ́ tó já, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Olóúnjẹ yóò ra òmíràn lọ́jà.

Ẹnì kan lè sọ pé fourneau yìí ti da ọ̀rọ̀ mi rú, nítorí pé ó gbó, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀: òmíràn tó dà bíi rẹ̀ gẹ́lẹ́. Páànù ló di tuntun, iná kò yí padà. Ìpààrọ̀ tòótọ́, láti irú iná kan sí òmíràn, kò ṣẹlẹ̀ nítorí ihò ìdí àdògán. Nǹkan kan tún sọnù nínú ìyípadà láti igi sí èédú tí mo kà sí pàtàkì ju ìyókù lọ. Nínú ebè tí wọ́n ti ń sun èédú nínú oko, ó lè gba kílò igi 5 sí 10 kí kílò èédú kan tó jáde. Obìnrin tó ń ṣẹ́gi rí gbogbo ohun tí ààrò rẹ̀ jẹ, orí ló fi rù ú. Ẹni tó ra èédú ní Bouaké kò rí nǹkan kan ju àpò tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ọ̀dàn apá ibòmíràn ló ń sanwó ìyókù. Ààrò tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́.

Àtakò tó wúwo jù ni ti èéfín. A máa ń sọ pé èéfín nìwà, ríru ní í ru, pé kò sí bí a ṣe lè bò ó. Ó ru lóòótọ́, gbogbo ènìyàn sì rí i, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kà á sí àmì pé ààrò ti gbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, afẹ́fẹ́ búburú inú ilé, tó ń wá láti inú igi, èédú, epo kẹrosíìnì àti irú wọn, pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 kárí ayé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Bí ohun tí ààrò ń jẹ bá jẹ́ òṣùwọ̀n pípé, kí ló dé tí òṣùwọ̀n náà kò ka ẹ̀dọ̀fóró? Mo gbà pé kò kà á. Kò kà á nítorí pé ẹni tó ń wúkọ́ kọ́ ló ń ka owó. Obìnrin àti ọmọ tó pọ̀n ló wà lẹ́bàá iná. Bálé ló sábà ń sọ ohun tí a ó rà fún ilé. Òun náà ń jẹ nínú oúnjẹ tó ti ibẹ̀ jáde, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ojú ń ta. Òṣùwọ̀n náà kò ṣìṣe. Ọwọ́ ẹni tí kò yẹ kó dá nìkan dì í mú ló wà.

Gáàsì ló yí èyí padà díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Côte d'Ivoire ń fi owó ran gáàsì ìdáná lọ́wọ́, iye tí wọ́n fàṣẹ sí fún ìgò kílò 6 sì wà ní 2,000 owó sẹ́fà. Níbi tí iye yẹn bá dé, apá kan òṣùwọ̀n wúwo lójijì, èéfín sì kúrò lójú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti gbèjà ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé kò ju àdògán wọn nù ṣá. Gáàsì fún tíì àárọ̀ àti ọbẹ̀ kíákíá, èédú fún ohun tó ń pẹ́ lórí iná. Àwọn kan ka èyí sí àìlajú. Èmi kà á sí òye: gáàsì ń gba ọ̀nà jíjìn láti etí òkun dé Bouaké, kó tó tún gba ọ̀nà Diabo, onílé tó bá sì ti rí i kí ìgò ṣófo kí ọkọ̀ tó dé kì í pa iná kejì rẹ̀ run.

Ohun tí kò sí ẹni tó ń kọ́ni tó ni pé gáàsì kò bá òfin àtijọ́ lọ. Ààrò lanu kó tó wó, àdògán jó ihò kó tó já, ìléru bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí kó tó kú. Ọ̀pá rọ́bà tó so ìgò gáàsì mọ́ ẹ̀rọ ìdáná lè rí bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, kó sì ti máa sán nínú. Iye gáàsì tó ń jẹ lóṣù lè má yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìdáná ilé, ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ló di ìdí láti pààrọ̀ nǹkan, kò sì sí ojú tàbí àpò owó tó lè rí i. Wọ́n tẹ ọdún ìpààrọ̀ sára irú ọ̀pá tí wọ́n ṣe ní ìlànà Faransé. Nọ́ńbà kékeré ni, ó sì máa ń kọjú sí ògiri, níbi tí òróró àti eruku ti ń bò ó mọ́lẹ̀, nínú ilé tí gbogbo ẹni tó ti ń dáná níbẹ̀ láti ìgbà ìyá àgbà ti kọ́ láti máa wo igi.